Ta Ni Kò Wẹ̀? Àkànlò-Èdè Ìpẹ̀gàn Kan fún Mẹ̀kúnnù nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣòro Títúmọ̀ Rẹ̀ sí Yorùbá

Ìfáàrà

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àkànlò-èdè kan wà tí àwọn tí wọ́n ka ara wọn sí ọ̀tọ̀kùlú fi ń pe àwọn mẹ̀kúnnù. Àkànlò-èdè náà ni 'the great unwashed'. Bí a bá tú u palẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó ń wí ni pé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kan wà láwùjọ tí omi kò kan ara wọn. Àwọn ìwé atúmọ̀-èdè kì í lò ju ìlà kan tàbí méjì lọ lórí rẹ̀. Wọn á ní ó túmọ̀ sí àwọn ènìyàn gbáàtúù, wọn á fi kún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìtumọ̀ yẹn kò ṣì, ṣùgbọ́n kò tó. Ó sọ ẹni tí a ń pẹ̀gàn. Kò sọ ẹni tí ń pẹ̀gàn. Kò sì sọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ni ẹlẹ́gàn mú lò, nígbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn pọ̀ nílẹ̀ tí ì bá mú.

Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí dì mú ni pé àkànlò-èdè náà sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn di ohun tí ènìyàn jẹ́. Ọ̀nà méjì ni èyí fi hàn. Èkíní ni ìtàn omi àti ọṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èkejì ni gírámà, nítorí pé nígbà tí ògbufọ̀ bá fẹ́ gbé àkànlò-èdè yìí wọ inú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá yóò bi í ní ìbéèrè tí Gẹ̀ẹ́sì kò bi ẹnikẹ́ni: ta ni kò wẹ̀, kí ni kò sì jẹ́ kí ó wẹ̀?

Ibi tí àkànlò-èdè náà ti ṣẹ̀

Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ nì, Edward Bulwer-Lytton, ni a sábà máa ń ka àkànlò-èdè yìí sí lọ́rùn. Ó lò ó ní ọdún 1830, nínú lẹ́tà tí ó fi ṣíwájú ìtàn àròsọ rẹ̀, Paul Clifford. Níbẹ̀, ó fi ẹ̀fẹ̀ sọ nípa ọkùnrin kan pé ó ń wẹ̀, ó sì ń gbé ìgbé ayé ìmọ́tótó, àti pé ẹ̀sùn ni èyí jẹ́ lójú àwọn aláìwẹ̀. Èrò náà ti wà ṣáájú rẹ̀. Shakespeare ti pe oníṣẹ́-ọwọ́ kan ní aláìwẹ̀ nínú eré King John. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú àkànlò-èdè ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni pé àpèjúwe ẹnìkan di orúkọ ẹgbẹ́, a sì fi ọ̀rọ̀ 'ńlá' dé e ládé. 'Ńlá' yìí gan-an ni ẹ̀gún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń gbé ọba àti ajagun ga ni a gbé lé orí àwọn tí kò ní oyè kankan, kí ẹ̀rín baà lè sọ.

Ogójì ọdún ṣáájú Paul Clifford, ní 1790, Edmund Burke ti kọ ìwé lórí ìdojúdé ìjọba ní ilẹ̀ Faransé. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi ogunlọ́gọ̀ mẹ̀kúnnù wé agbo ẹlẹ́dẹ̀, tí ó ní ẹ̀kọ́ àti ọ̀làjú yóò di ohun tí wọn yóò máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ń pa àfọ̀ àti ènìyàn tí kò wẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Burke yọ mẹ̀kúnnù kúrò láàrin ènìyàn, ṣùgbọ́n àkànlò-èdè ti Bulwer-Lytton fi í sílẹ̀ láàrin ènìyàn, ó kàn ní kí ó dúró lókèèrè. Bóyá ìdí nìyẹn tí èkejì fi pẹ́ lẹ́nu ju èkíní lọ. Ó rọrùn láti sọ níbi àsè láìjẹ́ pé ojú ń tini.

Ohun kan wà níbí tí ó yẹ kí alámèyítọ́ fiyè sí. Paul Clifford kì í ṣe ìwé tí ó kórìíra tálákà. Ìtàn ọmọ kan tí ó dàgbà sínú òṣì tí ó sì di ọlọ́ṣà ojú pópó ni, ohun tí ìwé náà sì ń jà fún ni pé òfin líle àti ọgbà ẹ̀wọ̀n burúkú ni ó ń sọ ènìyàn di ọ̀daràn. Bulwer-Lytton wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1831, ó sì ṣe àtìlẹ́yìn fún òfin àtúnṣe ìdìbò ti 1832. Ó tún jà kí ìjọba mú owó-orí kúrò lórí ìwé ìròyìn kí àwọn tí owó wọn kò pọ̀ lè rí i kà. Lẹ́yìn èyí ni ó tó lọ bá ẹgbẹ́ òṣèlú òdìkejì. Nítorí náà, kì í ṣe ẹnu ọ̀tá nìkan ni ìpẹ̀gàn yìí ti ń jáde. Ó lè jókòó pẹ̀sẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ń ṣàánú mẹ̀kúnnù. Ohun tí ó sì mú un léwu nìyẹn, nítorí ẹni tí ó ń pẹ̀gàn kò mọ̀ pé òun ń pẹ̀gàn.

Àsìkò tí ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ọdún wọ̀nyí ni àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí ó dìbò gbóná jù lọ. Òfin 1832 fún àwọn onílé àti oníṣòwò aláàárín gbùngbùn ní ẹ̀tọ́ ìdìbò; ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ sóde. Láwùjọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá pe ogunlọ́gọ̀ ní aláìwẹ̀ kò sọ̀rọ̀ nípa ara nìkan. Ohun tí ó fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n ni pé ẹni tí kò lè tún ara rẹ̀ ṣe kò lè tún ìlú ṣe.

Omi, ọṣẹ àti owó-orí

Kí ni ìdí tí wọn kò fi wẹ̀? Àkànlò-èdè náà kò béèrè, ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìdáhùn. Láti 1712 ni ìjọba ti gbé owó-orí lé ọṣẹ. Wọ́n dín in kù ní 1833, ṣùgbọ́n wọn kò pa á rẹ́ títí di 1853, nígbà tí William Gladstone jẹ́ olórí ètò ìsúná. Èyí ni pé ní 1830 tí Bulwer-Lytton fi ìwé rẹ̀ síta, àwọn tí a ń pè ní aláìwẹ̀ ń san owó fún ìjọba lórí gbogbo ọṣẹ tí wọ́n bá rà ní ọjà. Ẹni tí ó lówó kò mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò ju oúnjẹ òòjọ́ lọ ní láti yàn láàrin ọṣẹ àti búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ omi tún le ju ti ọṣẹ lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ni omi wà. Ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́, wákàtí mélòó kan ni omi fi ń ṣàn, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń pín ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo lò, ẹni tí ó bá sì ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ru omi gòkè, kí ó sì tún fi ọwọ́ ru ìdọ̀tí sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Edwin Chadwick gbé ìjábọ̀ rẹ̀ lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́ jáde ní 1842, ohun tí ó fi hàn ni pé àìsí omi àti àìsí ojú àgbàrá wà lára ohun tí ó ń pa wọ́n. Ní 1846 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ṣe òfin tí ó fún àwọn ìlú láṣẹ láti fi owó ìlú kọ́ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìfọṣọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ti kọjá tí a ti ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ kí òfin tó wá wọn kàn.

Obìnrin kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí a dárúkọ. Kitty Wilkinson, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ń gbé Liverpool, jẹ́ òtòṣì obìnrin. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní ìlú náà ní 1832, ìkòkò ìsèmi ńlá kan wà ní ilé rẹ̀. Ó ní kí àwọn aládùúgbò máa kó aṣọ àti ìbora àwọn aláìsàn wá fọ̀ níbẹ̀. Láti inú irú iṣẹ́ yìí ni ìlú Liverpool ti wá ṣí ilé ìwẹ̀ àti ìfọṣọ ti gbogbogbòò ní 1842, a sì fi òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe alámòójútó lẹ́yìn náà. Bí a bá gbé ìtàn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àkànlò-èdè náà, irọ́ inú rẹ̀ yóò fara hàn kedere. Ẹni tí kò ní ni ó kọ́kọ́ pèsè omi gbígbóná fún ẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn tí ó ní tó ronú kàn án.

Orúkọ Liverpool sì tún mú ọ̀rọ̀ náà dé etí òkun Yorùbá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èbúté Liverpool ni ibi tí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú epo pupa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń gúnlẹ̀ sí. Lára rẹ̀ ni èyí tí ó gba Badagry àti Èkó lọ. Àwọn aṣọṣẹ, àwọn alábẹ́là àti àwọn tí ń fi òróró sí ẹ̀rọ ni wọ́n ń rà á. Bí ọṣẹ ṣe ń di ohun tí ilé gbogbo lè rà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, epo tí àwọn obìnrin ń fún ní oko ọ̀pẹ wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ọṣẹ tiwọn, ọṣẹ dúdú tí a fi eérú àti àdín sè, láti ìgbà tí kò sí ẹni tí ó ta ọṣẹ òyìnbó fún wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ó fi máa di òpin ọ̀rúndún náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ti ń ya àwòrán ìpolówó nínú èyí tí ọmọ aláwọ̀ dúdú ti wọ inú omi ọṣẹ tí ó sì jáde ní funfun. Anne McClintock tú iṣẹ́ àwọn àwòrán wọ̀nyí palẹ̀ nínú Imperial Leather ní 1995. Ohun tí àwọn àwòrán náà sọ ni pé ẹ̀gàn tí a kọ́kọ́ dá sí òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lára ti rí ara mìíràn gùn. Ẹni tí epo rẹ̀ di ọṣẹ ni wọ́n wá ń pè ní ẹni tí kò mọ ọṣẹ.

Nígbà tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹlẹ́gàn

Àwọn tí a pẹ̀gàn kò dákẹ́. Nígbà tí Burke pè wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀, Thomas Spence bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú kan ní 1793, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Pigs' Meat, ìyẹn oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ní ọdún kan náà, Daniel Isaac Eaton gbé tirẹ̀ jáde, ó sì sọ ọ́ ní Hog's Wash, omi oúnjẹ tí a ń dà sílẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì ń wí ni pé bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni wá, ẹ jẹ́ kí á jẹun, kí á sì gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni Thomas Wright, òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó di òǹkọ̀wé, ṣe ní 1868 nígbà tí ó fi The Great Unwashed ṣe orúkọ ìwé tí ó kọ lórí ìgbé ayé àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ni òfin titun ti fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlú ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń lé wọn sóde ni ó kọ sí iwájú ìwé bí ẹni kọ orúkọ sí ẹnu ọ̀nà ilé.

Ìṣe yìí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Ó wọ́pọ̀ nínú oríkì orílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó dà bí àbùkù létí àlejò a máa di ohun ìwúrí létí ọmọ onílé. Ohun tí ó yí i padà ni ẹnu tí ó ti jáde. Nítorí náà, kò sí bí a ṣe lè sọ ìtumọ̀ àkànlò-èdè ìpẹ̀gàn láìkọ́kọ́ mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Bí àwọn kan ti gba ọ̀rọ̀ náà, òórùn tí ó fi sílẹ̀ kò tètè lọ. Ní 1937, George Orwell jẹ́wọ́ nínú The Road to Wigan Pier pé a fi kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun láti kékeré pé ara àwọn òṣìṣẹ́ ń rùn. Ó ṣàlàyé pé èrò lè yí padà, ṣùgbọ́n ìríra tí ó ti wọ inú ara ṣòro láti wẹ̀ kúrò. Lóde òní, ẹ̀fẹ̀ ni a sábà máa ń fi àkànlò-èdè náà ṣe. Ẹlòmíràn a fi pe ara rẹ̀, ẹlòmíràn a fi yẹ̀yẹ́ àwọn tí wọ́n rò pé àwọn ga ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà kò lè pa ẹni tí kò mọ ìpẹ̀gàn abẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Ohun tí gírámà Yorùbá fi hàn

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe, tí a sì lò bí ọ̀rọ̀-orúkọ. Kò ní olùwà. Ó sọ pé ìwẹ̀ kò ṣẹlẹ̀, ó sì dákẹ́ lórí ẹni tí ó yẹ kí ó ṣe é. Yorùbá kò fàyè gba ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò bá lo 'wẹ̀' gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú gbólóhùn mẹ́ta: 'wọn kò wẹ̀', 'a kò wẹ̀ wọ́n', tàbí 'wọn kò rí omi wẹ̀'.

Gbólóhùn kìíní di ẹ̀bi ru àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n lè wẹ̀, wọn kò wẹ̀. Gbólóhùn kejì ni ó sún mọ́ ìhun Gẹ̀ẹ́sì jù, ṣùgbọ́n ó tún gba ìrònú. Nínú àṣà Yorùbá, àwọn wo ni a ń wẹ̀? Ọmọ tuntun ni, tí ìyá àgbà ń gbé sórí ẹsẹ̀ wẹ̀. Òkú sì ni, tí a ń wẹ̀ kí a tó sin ín. A sì tún lè ka aláìsàn tí kò lè dìde mọ́ ọn. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le a máa wẹ ara rẹ̀ ni. Bí a bá sọ nípa ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ pé 'a kò wẹ̀ wọ́n', a ti tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ìkókó àti òkú. Èyí bá ojú tí àwọn ọ̀tọ̀kùlú ìgbà náà fi ń wo mẹ̀kúnnù mu, nítorí wọ́n kà wọ́n sí ẹni tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tọ́ sọ́nà, tí kò lè dá pinnu. Gbólóhùn kẹta nìkan ni ó sọ òtítọ́ tí ìwé òfin jẹ́rìí sí, òun sì ni àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní àyè fún.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe mẹ̀kúnnù

Kí ògbufọ̀ tó yan ọ̀rọ̀, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó wà nínú àká. 'Mẹ̀kúnnù' àti 'ènìyàn gbáàtúù' sọ nípa ipò; kò sí èébú nínú wọn bí kò ṣe pé ohùn ẹni tí ń sọ ọ́ bá fi í sí i. 'Tálákà' wá láti inú Hausa. Ní Hausa, talaka ni ẹni tí kò ní oyè tàbí ipò àṣẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ owó ni ó gbilẹ̀ nínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé olówó tí kò joyè kì í ṣe tálákà mọ́. 'Ọ̀gbẹ̀rì' ya ẹni tí kò mọ awo sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìpẹ̀gàn ẹgbẹ́ ní Yorùbá gan-an ni 'ará oko'. Ará ìlú ni ó ń sọ ọ́. Ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ó sì fi wọ́n sí òde ọ̀làjú. Kò yẹ kí a tan ara wa pé Yorùbá kò mọ bí a ti ń tẹ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibùgbé ni ó fi ń tẹ́ni, kì í ṣe ara. Ẹni tí ó bá sì ṣí wá sí ìlú lè bọ́ lọ́wọ́ orúkọ náà.

Ìdọ̀tí ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, 'ọ̀bùn'. Òun ni ọwọ́ ògbufọ̀ máa ń kọ́kọ́ nà sí, òun sì ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra fún jù. Ọ̀bùn kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́. Olówó lè ya ọ̀bùn, ọmọ ọba náà lè ya ọ̀bùn, òtòṣì sì lè mọ́ tónítóní nínú aṣọ kan ṣoṣo. Òwe kan sọ pé ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrànmọ́, ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun kò ti wẹ̀. Ọgbọ́n inú òwe yìí pọ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Àwùjọ tí ó pa á mọ̀ pé ìdí wà tí ènìyàn fi lè má wẹ̀, irú bíi ti opó tí ń ṣọ̀fọ̀. Ó mọ̀ pé àìwẹ̀ kì í ṣe ọ̀bùn nígbà gbogbo. Ó fi òwe ya ẹni tí ó ní ìdí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń fi ìdí bo ìwà. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì pa rẹ́.

Ọ̀rọ̀ òórùn ara náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń rùn lára òṣìṣẹ́ ni òógùn. Ní Yorùbá, 'òógùn ojú' ni ohun tí a fi ń yin owó tí a kò jí. Ẹni tí ó jẹ nínú òógùn ojú rẹ̀ kò ní ìtìjú. Láti túmọ̀ ìpẹ̀gàn tí ó dá lórí òógùn sí èdè tí ó ń fi òógùn yangàn, iṣẹ́ ń bẹ.

Bí a ṣe lè túmọ̀ rẹ̀

Nítorí náà, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò lè tó fún gbogbo ibi tí àkànlò-èdè náà bá ti yọjú. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ògbufọ̀ bi ara rẹ̀: ta ni ń sọ̀rọ̀, nípa ta ni, àti níwájú ta ni?

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tọ̀kùlú inú ìtàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ń fi ẹ̀gàn sọ ọ́, 'ogunlọ́gọ̀ aláìwẹ̀' ni ó yẹ, bí ó tilẹ̀ ṣàjèjì létí. Lílo 'mẹ̀kúnnù' níbẹ̀ yóò fọ ẹnu ẹlẹ́gàn mọ́ fún un; lílo 'àwọn ọ̀bùn' yóò sì sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ di ọ̀rọ̀ ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan. Àjèjì tí 'aláìwẹ̀' jẹ́ ni àǹfààní rẹ̀. Òǹkàwé Yorùbá tí ó bá rí i yóò béèrè pé kí ló dé tí wọn kò wẹ̀, ṣé ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe ni? Ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí ẹnìkan ti béèrè ní 1830.

Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà kọ́rùn, bíi ti Thomas Wright, ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹnu méjèèjì hàn, ti ẹlẹ́gàn àti ti ẹni tí ń dáhùn. 'Àwa Tí Wọ́n Ń Pè ní Aláìwẹ̀' yóò ṣe é, nítorí 'wọ́n' inú rẹ̀ tọ́ka sí ẹni tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fi pamọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀fẹ̀ òde òní ni, níbi tí olówó kan ti ń ṣàwàdà pé òun yóò wọ ọkọ̀ èrò pẹ̀lú àwọn yòókù, 'àwa gbáàtúù' tàbí 'àwọn ará oko' lè gbé e, gẹ́gẹ́ bí ohùn ọ̀rọ̀ bá ti rí.

Ẹnìkan lè sọ pé èyí ti pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta, pé ẹ̀fẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ ń jẹ́. Ìtàn kò gbè é. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú tí ọ̀tọ̀kùlú Lọ́ńdọ̀nù fi ń wo àdúgbò òṣìṣẹ́ bá wọn dé. Wolé-wolé ń wọ inú ilé, ó ń ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá bá a ní ilé rẹ̀ sì ń fojú ba ilé ẹjọ́. Wọ́n ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó lórúkọ ìlera. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìmọ́tótó kò dára. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku gbé wọ Èkó ní 1924 pa ènìyàn ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò fa omi dé ilé rẹ̀ ni a ń dá lẹ́bi omi tí ó fi pamọ́ sínú àmù.

Ojú yìí kò bá àwọn òyìnbó lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Maroko, àdúgbò tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ Ìkòyí àti Victoria Island. Ìṣirò tí a sábà máa ń tọ́ka sí ni pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni kò rí ibi gbé mọ́. Ìdọ̀tí àdúgbò náà wà lára ohun tí a fi ṣe àwíjàre. Ilé àwọn tí ó rí jájẹ wà lórí ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ náà báyìí. Nígbà tí a bá ti sọ ènìyàn di aláìwẹ̀, ó rọrùn láti sọ pé ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí a fọ̀.

Ìkádìí

Mary Douglas ti fi yé àwọn onímọ̀ láti 1966 pé ìdọ̀tí ni ohun tí kò sí ní ipò tí a fẹ́ kí ó wà. Ẹ̀kọ inú abọ́ jẹ́ oúnjẹ. Bí ó bá kán sí ara agbádá, ó di ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 'the great unwashed' rí. Kì í ṣe ara àwọn ènìyàn náà ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí, bí kò ṣe ipò tí a kò fẹ́ kí wọ́n dé: ibùdó ìdìbò, ilé ìwé, ojú pópó tí ó mọ́. Àìwẹ̀ ni àwíjàre tí ó wà nítòsí.

Yorùbá sọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń wẹ òsì, òsì ni a fi ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́. Nínú òwe yìí, kò sí ọwọ́ tí ó lè dá wẹ̀, kò sì sí èyí tí ó lè bú èkejì pé kò mọ́. Obìnrin tí ó ṣí ìkòkò omi gbígbóná rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò ní Liverpool mọ èyí láìgbọ́ Yorùbá. Ògbufọ̀ tí ó bá fẹ́ gbé àkànlò-èdè náà wá sí ilé lè lo irú ọ̀rọ̀ tí ó bá bá ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mu. Ohun tí kò yẹ kí ó ṣe ni kí ó fi ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́ kí òǹkàwé gbàgbé láti béèrè ibi tí omi wà.